Ẹ̀fẹ̀ Wa àti Ilé Ìkàwé Yunifásítì



Láti 1970 ni yunifásítì ti wà ní Abomey-Calavi. Àwọn ọmọ wa láti Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ ń lọ síbẹ̀, Faransé ni wọ́n sì fi ń kọ́ wọn. Ilé ìkàwé ibẹ̀ lè gba àgbà tó ń pìtàn, kí ọmọ jókòó kó bi í léèrè. Kì í ṣe ìwé nìkan ló yẹ ibẹ̀.

Ní 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bí ohun àjogúnbá tó yẹ kí gbogbo ayé dáàbò bò. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àlejò bá fẹ́ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ijó ọ̀sán ni wọ́n ń wá, kí wọ́n ya fọ́tò. Ẹ̀fẹ̀ òru ńkọ́? Níbẹ̀ la ti ń wúre fún ìlú, níbẹ̀ la ti ń bá ọ̀bàyéjẹ́ wí, a kì í sì í bínú sí ẹlẹ́fẹ̀. Bí ẹlẹ́fẹ̀ bá kú láìsí ẹni tó gba orin rẹ̀ sílẹ̀, ó tán nìyẹn, àbí?

Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa bá ilé ìkàwé náà sọ̀rọ̀: kí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀, kí wọ́n kọ orin náà ní Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn. Àwọn àgbà Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni yóò kọ́kọ́ sọ èyí tó ṣeé gbé jáde. Awo ṣì ni awo. Kí ẹ̀dà kan sì padà sílé. Ẹni tí kò bá fẹ́ fún wa ní ẹ̀dà, kó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ.

Kábíyèsí, ẹnu yín là ń wò.