Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn Aboyún

Ẹ̀yin ará wa, láti Ọjà'ba dé Mápó, bí aboyún bá jókòó sínú yàrá láti àárọ̀, tí kò jẹun, tí omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, àwa a ní ọ̀lẹ ni, tàbí pé ayé ń bá a jà. Àìsàn ni. Kò sì mọ sára ìyá nìkan: ọmọ rẹ̀ lè wáyé kí oṣù tó pé, tàbí kí ó kéré jù.

Ìlú wa yìí ni a ti dán ìtọ́jú rẹ̀ wò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tọ aboyún 686 tí àìsàn yìí ń ṣe lẹ́hìn ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé 29, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2019. Ìbéèrè 10 ni a fi ń wá àìsàn náà rí. Ìkẹwàá ń bèèrè bóyá obìnrin náà ti rò láti pa ara rẹ̀ lára. Ta ni nínú àwa àgbà ilé tí ó ti bi ìyàwó ilé ní irú rẹ̀ rí? Àwọn agbẹ̀bí ibẹ̀ ni ó ṣe ọ̀pọ̀ ìtọ́jú náà, ọ̀rọ̀ sísọ ni ó sì pọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí ọmọ fi pé oṣù mẹ́fà, àìsàn náà ti fi bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìyá náà sílẹ̀.

Bí ẹ bá rí aboyún tí ó dákẹ́ jù, ẹ jókòó tì í, ẹ bi í, kí ẹ sì bá a lọ sọ́dọ̀ agbẹ̀bí. Ẹ má dúró de ọjọ́ ìkúnlẹ̀.