Àgbà Tí A Ó Dà
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àyẹyẹ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa)



Ìgbìmọ̀ àyẹyẹ ní kí a sọ̀rọ̀ nípa ìkóra-ẹni-níjàánu. Ẹ̀rín pa wá, torí kò sí ọmọ ẹgbẹ́ tí kò mọ ohun tí a fi owó ọjọ́ alẹ́ ṣe. Ẹ̀yin àlejò wa ni ẹ kò tíì gbọ́.

Nígbà tí a dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, a fẹnu kò pé kí oníkálukú máa dá ₦2,000 lóṣooṣù, yàtọ̀ sí owó ìpàdé, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kàn án títí a ó fi pé 60 ọdún. Ọdún mẹ́ta gbáko ni a fi dá a. Ní ọdún kẹrin, tí Ojúde Ọba ku oṣù méjì, wọ́n mú aṣọ kan wá sí ìpàdé. Aṣọ náà wu gbogbo wa, ṣùgbọ́n ó wọ́n. Ẹnì kan bá ní, "Owó kúkú wà nílẹ̀." Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí a fi fẹnu kò láti ná owó ọdún mẹ́ta. Àwòrán aṣọ náà wà nínú ìwé yìí. A kò ní parọ́, ó yẹ wá.

Ọdún tó tẹ̀lé e ni ilẹ̀ ṣú bá ọ̀kan nínú wa lọ́sàn-án gangan. Àrùn rọpárọsẹ̀ dá a dúbúlẹ̀, iṣẹ́ ọkọ̀ wíwà tó ń ṣe sì dópin. A ń ti ilé dé ilé, a ń tọrọ owó ìwòsàn lọ́wọ́ àwọn tó ti rí wa nínú aṣọ olówó ńlá lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí a lọ bẹ̀ ẹ́ wò, agbádá ọ̀hún ló fi bora. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ó wà láàárín wa níhìn-ín, òun náà ló sì ní kí a sọ ọ́.

Ọ̀kánjúwà kọ́ ni wá. Ẹgbẹ́ yìí kan náà ló ń san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ òrukàn, kò sì sí oṣù tí a jẹ owó wọn. Kí ló dé tí a lè ṣàánú ọmọ ọlọ́mọ, tí a kò lè ṣàánú ara wa? Àwọn àgbà ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ọmọ tí kò rí nǹkan jẹ ni a máa ń rò pé òwe náà ń gbè lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ owó tiwa, ẹni tí a jẹ tirẹ̀ mọ́ tiwa ni àwa fúnra wa, nígbà tí irun bá funfun tán. A kàn kò dá a mọ̀ ni. Àlejò ni lójú wa.

Derek Parfit, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò kan ní Oxford, sọ irú ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1984. Ó mú ọmọdé tó ń mu sìgá ṣe àpẹẹrẹ: ó mọ̀ pé ó lè ṣèpalára fún òun ní àádọ́ta ọdún sí i, ṣùgbọ́n ẹni àádọ́ta ọdún sí i yẹn dà bí ẹlòmíràn lójú rẹ̀.

Ní 2016, Alexander Soutschek, Christian Ruff àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Zurich gbé ọ̀rọ̀ náà dé inú ọpọlọ. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń lo agbára òòfà sí ẹ̀yìn etí ọ̀tún àwọn ènìyàn, níbi tí ọpọlọ ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí a bá ń fi ojú ẹlòmíràn wo nǹkan. Nígbà tí wọ́n dí ibẹ̀ lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀, ìwà ọ̀làwọ́ àwọn ènìyàn náà dín kù. Ìyẹn kò yà wá lẹ́nu. Èyí tó yà wá lẹ́nu ni pé sùúrù wọn dín kù pẹ̀lú: owó kékeré ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n túbọ̀ ń mú, dípò owó ńlá tó ń bọ̀. Ó jọ pé ibi tí a fi ń ro ti ẹlòmíràn náà ni a fi ń ro ti àgbà tí a ó dà.

Ẹ jọ̀ọ́, a kò sọ pé gbogbo ẹni tí kò rí owó tọ́jú ni kò kóra rẹ̀ níjàánu. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó gaàrí ra kò ní ohun tó fẹ́ kó níjàánu. Àwa tí a ra aṣọ ni à ń bá wí.

Ní Amẹ́ríkà, Hal Hershfield àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi kọ̀ǹpútà sọ àwòrán àwọn ọ̀dọ́ di ti arúgbó, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n rí ara wọn bẹ́ẹ̀. Àwọn tó rí i ní àwọn yóò fi owó tó pọ̀ sí i pamọ́ fún ọjọ́ ogbó. Àwa ní Ìjẹ̀bú-Òde kò nílò kọ̀ǹpútà. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, àwọn ẹgbẹ́ tó ṣáájú wa a máa kọjá níwájú Ọba lójú wa. A máa ń wo aṣọ wọn. Lọ́dún tó kọjá ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ẹsẹ̀ wọn. A tọ ọ̀kan nínú àwọn bàbá náà lọ sílé, a bi í pé kí ló ń ná an lówó jù. Ó ní, "Oògùn. Àti owó ọkọ̀ tí mo fi ń lọ ra oògùn."

Láti ìgbà náà ni a ti ń fi àga kan sílẹ̀ ní ìpàdé. Bí ọ̀rọ̀ ìnáwó bá délẹ̀, ẹni tó bá kàn á jókòó sí i, á sọ̀rọ̀ bí ẹni 75 ọdún. Ẹni àkọ́kọ́ hú ikọ́, ó di ẹ̀yìn mú, a rẹ́rìn-ín títí. Ẹni kejì ni arákùnrin wa tó ṣàìsàn. Kò ṣe bí arúgbó rárá. Iye tó fi ra oògùn lóṣù yẹn ló kà fún wa, ó sì dìde.

A ti tún owó ọjọ́ alẹ́ bẹ̀rẹ̀, ₦5,000 lóṣooṣù. A mọ ara wa, nítorí náà a kò fi ìwé báńkì sọ́wọ́ ara wa nìkan: bàbá méjì láti inú ẹgbẹ́ tó ṣáájú wa gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí owó tó lè jáde. Wọ́n ti gbà. Ẹni 21 nínú wa ti gba fọ́ọ̀mù. Fún àwa tó kù, akápò wà nídìí tábìlì tó wà lẹ́nu ọ̀nà, kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí wọn ó fi pín oúnjẹ tán.