Bíréèkì Iwájú àti Ti Ẹ̀yìn Lára Ọkọ̀ Tí A Tún Ṣe



Púpọ̀ nínú ọkọ̀ tó ń ná ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, tó ń já èrò sí Fìdítì àti Ìlọrà, ọkọ̀ ẹrù tòkunbọ̀ ni tẹ́lẹ̀. Wẹ́dà ló gé fèrèsé sí i lára, mẹkáníìkì ló fi ewé súpúríìnì kún ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè gbé èrò, gàrí àti ọsàn. Ọ̀nà àtijẹ ni, n kò bá ẹnikẹ́ni wí. Bíréèkì tí a kò tún wò lẹ́yìn àtúnṣe yẹn ni ọ̀rọ̀ mi.

Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, ọkọ̀ á tẹ̀ síwájú, táyà ẹ̀yìn á sì fúyẹ́. Ìdí nìyí tí iwájú fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Bí táyà iwájú bá kọ́kọ́ dẹ́kun yíyí, ọkọ̀ á máa lọ tààrà, ṣùgbọ́n kò ní gbọ́ ti sítíárìn. Bí ti ẹ̀yìn bá ṣáájú, ìdí ọkọ̀ á fẹ́ gba iwájú, ọkọ̀ á sì yí bìrí. Èyí ló burú jù.

Àwọn tó ṣe Toyota HiAce mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ náà, fáàfù kan wà tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ so mọ́ ásù ẹ̀yìn. Bí ẹrù bá tẹ ọkọ̀ wálẹ̀, fáàfù á fún ẹ̀yìn lágbára. Bí ọkọ̀ bá ṣófo, á dín in kù. Bí a bá wá fi súpúríìnì gbé ìdí ọkọ̀ sókè, fáàfù á rò pé ọkọ̀ ṣófo, nígbà tí èrò kún un fọ́fọ́. Iwájú ni yóò máa ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí ẹ̀yìn bá a ṣe; páàdì á gbóná, á sì tètè jẹ tán. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.

Àwọn mìíràn a fi wáyà so irin náà pa, tàbí kí wọ́n yọ fáàfù dànù. Ó máa ń dára nígbà tí ọkọ̀ bá kún. Ṣùgbọ́n bó bá ń padà lófìfo nínú òjò, táyà ẹ̀yìn ni yóò kọ́kọ́ dẹ́kun yíyí.

Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ohun tó yẹ kí ẹ ṣe nìyí. Ẹ kọ́kọ́ yọ afẹ́fẹ́ inú páìpù, kí ẹ mú láìnì ọ̀tún àti ti òsì dọ́gba. Ẹ tún irin fáàfù ṣe kó bá gíga ọkọ̀ mu. Ẹ fi géèjì wọn agbára bíréèkì iwájú àti ti ẹ̀yìn, pẹ̀lú ẹrù àti láìsí ẹrù, kí ẹ fi wé ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀. Ṣùgbọ́n súpúríìnì tó le jù kì í jẹ́ kí ẹrù tẹ ọkọ̀ wálẹ̀ tó, fáàfù kò sì ní mọ̀ pé ẹrù wà. Bí òǹkà méjèèjì kò bá bá ìwé mu, ẹ yọ ewé tí ẹ fi kún un.

Bí eré bá kúrò ní 50 di 100 kìlómítà ní wákàtí kan, ibi tí bíréèkì nílò láti dá ọkọ̀ dúró á gùn ní ìlọ́po mẹ́rin. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ sì gba àárín àwọn ọmọ wa kọjá. Mo bẹ ẹgbẹ́ awakọ̀ àti ẹgbẹ́ mẹkáníìkì: ẹ jọ ra géèjì kan sí gáréèjì kọ̀ọ̀kan, kí ọkọ̀ tí a bá gbé ìdí rẹ̀ sókè má ṣe gbé èrò títí a ó fi wọn bíréèkì rẹ̀.