Jẹjẹrẹ Ẹ̀dọ̀ Tó Tún Yọjú Níbòmíràn

Ẹ jẹ́ ká sọ pé wọ́n ti gé jẹjẹrẹ kúrò lára ẹ̀dọ̀ ẹnì kan. Ojú abẹ ti jinná, ó sì ti ń jẹun dáadáa. Lọ́dún kejì, àwòrán àyà rẹ̀ fi kókó kan hàn nínú ẹ̀dọ̀fóró, kò ju ẹ̀pà lọ. Jẹjẹrẹ ọjọ́sí náà ni. Ẹ̀jẹ̀ ló gbé e débẹ̀. Ó tún lè wọ eegun.

Ṣé wọ́n tún lè ṣiṣẹ́ abẹ? Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ni dókítà kọ́kọ́ ń wò: ṣé jẹjẹrẹ ibẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀, ṣé ìyókù ẹ̀dọ̀ náà ṣì lágbára? Bí kókó náà bá jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì, tó wà lójú kan, wọ́n lè gé e, àwọn kan sì ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láyé lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá ti fọ́n káàkiri, oògùn ni wọ́n sábà máa ń lò, irú sorafenib tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ lọ́dún 2007.

Mo bẹ̀ yín, ẹni tí wọ́n bá ti gé ẹ̀dọ̀ rẹ̀, kó má ṣe pa ọjọ́ àyẹ̀wò jẹ, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ le koko. Kókó tí kò ju ẹ̀pà lọ kì í sábà dunni.