Ọ̀rọ̀ Lórí Ìwé Owó Ẹgbẹ́ Tí A Ń Gbé Lọ Sórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ rán wa níṣẹ́ pé kí a gbé ìwé owó ẹgbẹ́ kúrò nínú rẹ́jísítà tí ikán ń jẹ, kí àwọn ọmọ wa tí ó wà lókè òkun lè máa rí ohun tí wọ́n san.

Rails ni irinṣẹ́ tí a lò, èyí tí David Heinemeier Hansson, ọmọ ilẹ̀ Denmark, gbé jáde ní ọdún 2004. A tẹ ìlà àṣẹ kan ṣoṣo: orúkọ, iye owó, ọjọ́ tí a san án. Kí a tó ṣẹ́jú, ó ti kọ ètò tí yóò la àyè sílẹ̀ fún àkọsílẹ̀ náà, àti ojú ewé tí a ó fi máa wò ó, tí a ó fi máa kún un, tí a ó fi máa tún un ṣe, tí a ó sì fi máa pa á rẹ́.

Ṣùgbọ́n scaffold ni wọ́n ń pe àṣẹ náà, èyíinì ni igi àti pákó tí bíríkìlà ń gùn kọ́lé. Ta ni í sùn lórí rẹ̀? Kò ní ìlẹ̀kùn. Ọ̀kan nínú wa dán an wò láti orí fóònù rẹ̀. Láìsí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé kankan, ó pa owó ọdún kan ti odindi agboolé rẹ́. Inú rẹ́jísítà ni a ti rí i kọ padà. A dúpẹ́ pé ikán kò tíì dé ojú ewé yẹn!

Nítorí náà, ẹ má tíì bèèrè àdírẹ́sì rẹ̀ lọ́wọ́ wa. Ọwọ́ ara wa ni a fi ń kọ ìlẹ̀kùn náà nísinsìnyí. Akápò nìkan ni yóò lè pa nǹkan rẹ́. Kí akọ̀wé máa tọ́jú rẹ́jísítà lọ.