Ọmọ Wa Ló Ń Rà Á
Ìwádìí ọdún 2018 sọ pé ní Èkó, ẹni 1 nínú 3 láàrin ọdún 15 sí 64 ló ń lo oògùn nílòkulò.

Tramadol táwọn alábàárù ń gbé mì kí wọ́n lè gbẹ́rù, oògùn ìrora ni. Bó bá pọ̀ jù, ó ń fa gìrì, ó sì lè dá èémí dúró. Ẹni tó bá ń tà á lábẹ́ àtẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́.

Bọ́mọ yín bá ti kó sí i, ẹ má lé e nílé. Àìsàn ni, ó ní ìtọ́jú. Ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn ọpọlọ ti Yábà. Wọ́n ní ẹ̀ka àwọn ọ̀dọ́ ní Òṣòdì níbí. Torí ọmọ la ṣe ń jí lọ sọ́jà o.