Kí A Tó Ra Ẹsẹ̀ fún Aláìsàn
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé gbogbogbòò)



A gbọ́ pé, lẹ́yìn tí ẹ ti yọ owó àpamọ́ tí òfin bèèrè, ẹ fẹ́ fi díẹ̀ nínú èrè ọdún yìí ra ẹsẹ̀ àtọwọ́dá fún ilé ìwòsàn, fún àwọn tí a gé lẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń kọ́ ìrìn padà. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń yẹ ìwé ẹgbẹ́ wò ti rí ọ̀pọ̀ ẹrù ìrànlọ́wọ́ tí eruku ti bò. Ẹ jẹ́ kí a sọ ti ìlú Jaipur ní Íńdíà fún yín.

Ní ilé ìwòsàn Sawai Man Singh níbẹ̀, dókítà eegun kan, P. K. Sethi, rí i pé àwọn aláìsàn ń gba ẹsẹ̀ irú ti òyìnbó, wọn kò sì ń lò ó bí wọ́n bá délé. Wọn kì í ṣe aláìmoore. Ẹsẹ̀ inú bàtà ni. Kò ṣe é tẹ ẹrọ̀fọ̀ oko, kò jẹ́ kí ènìyàn lóṣòó, kò jẹ́ kí ó ká ẹsẹ̀ jókòó sílẹ̀ jẹun. Ta ni yóò sì wọ bàtà wọ ilé ìsìn níbẹ̀?

Ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ kan wà ní ilé ìwòsàn náà, Ram Chandra Sharma, tí ìwé tí ó kà kò tó nǹkan. Òun àti dókítà bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìgbé ayé aláìsàn. Wọ́n ṣe é, wọ́n dán an wò, ó bàjẹ́, wọ́n tún un ṣe. Ní 1968, wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan jáde tí a fi rọ́bà bí ti táyà àti igi ṣe, tí ó ní àwọ̀ ara, tí ó sì ń tẹ̀. Ẹni tí ó wọ̀ ọ́ lè lóṣòó, ó lè wọ inú omi láìsí bàtà. Sethi gba ẹ̀bùn Ramon Magsaysay ní 1981. Lójú tiwa, ó yẹ kí oníṣẹ́ ọwọ́ náà bá a pín in.

Nítorí náà, kí akápò tó san kọ́bọ̀ kan, ẹ yan ènìyàn mẹ́ta kí wọ́n lọ bá àwọn aláìsàn àti àwọn tí ń kọ́ wọn ní ìrìn. Kí wọ́n bi wọ́n: Iṣẹ́ wo ni ẹ ń ṣe? Ṣé ṣáláńgá ni ẹ ń lò nílé? Bí ẹsẹ̀ náà bá bàjẹ́, ta ni yóò tún un ṣe nítòsí? Kí akọ̀wé kọ ìdáhùn wọn sínú ìwé ìpàdé. A ó bèèrè rẹ̀ nígbà tí a bá tún wá yẹ ìwé yín wò.